Ọjọ́ Tí Wáyà Tuntun Yadi Lójú Ìlú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé tó ń tẹ wáyà, okùn irin tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú, l'Adó!

Ìjọba ní kí a na wáyà tuntun lọ sí Àkúrẹ́, èyí tó máa yá ju ti àtijọ́ lọ. Ó dára. Àmọ́ ọ̀gá méjì ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ọ̀kan fún òpó, ọ̀kan fún wáyà, àwọn méjèèjì kì í sì í kí ara wọn! Àwọn tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa mú wáyà sọ̀rọ̀? Ọ̀gá òpó tú ti àtijọ́ palẹ̀ kí tuntun tó dé. Nígbà tó dé, ọ̀gá wáyà kó o lọ sí Ìjàn, níbi tí kò sí òpó kankan!

Síbẹ̀, ọ̀gá àgbà wa ti pe gbogbo ìlú pé kí wọ́n wá wo wáyà tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sún ọjọ́ náà síwájú. Ó ní kí n pa ẹnu mi dé, kí n ṣáà máa tẹ ẹ̀rọ.

Ọjọ́ pé, èrò kún fọ́fọ́. Mo ń tẹ ẹ̀rọ tó ti kú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Àfi bí Ìyá Sàlámótù tó ń ta aṣọ ṣe dìde.

"Akọ̀wé, bá mi bi wọ́n ní Àkúrẹ́, ṣé Sàlámótù mi ti bímọ ní ulé ọkọ ẹ̀? N ò rí oorun sùn mọ́."

Ọ̀gá àgbà sọ ọ́ sí mi létí pé kí n kọ ọ́ pé ó ti bí ọkùnrin, àlàáfíà ni.

Ẹ gbà mí! Bí nǹkan bá ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Mo dìde.

"Ìyá, ẹ má bínú. Wáyà yìí ò tíì dé Àkúrẹ́."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín! Ọ̀gá wò mí bíi pé kó gbé mi mì.

Kí a tó tú ká ni lọ́rì Àkúrẹ́ dé. Ta ló bọ́ sílẹ̀? Ọkọ Sàlámótù! Ìbejì ni ìyàwó rẹ̀ bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan!

Ìyá jó títí. Nígbà tí mo wá sọ ohun tí ọ̀gá ní kí n kọ, ó yíjú sí i:

"Háà! Ẹ̀ bá ti jí ọmọ-ọmọ mi kan gbé!"

Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín. Kò lé mi, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan ṣoṣo. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, wáyà ti ń sọ̀rọ̀ geere.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé iṣẹ́ tó pẹ́ kò tini lójú tó irọ́ tí a fi bò ó. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ọ̀gá ti ní kí ẹ yin iṣẹ́ tí kò tíì parí rí? Ẹ sọ fún wa, ká jọ rẹ́rìn-ín!