Ìyá Kabir Kọ́ Ọkọ̀ Wíwà

Ẹnu ya gbogbo àdúgbò wa ní Ring Road nígbà tí Ìyá Kabir ní àwọn fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Èmi ayálégbé wọn ní yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún, mo sì la ẹnu sílẹ̀.

"Ẹ̀yin kẹ̀? Lẹ́ni ọgọ́ta ọdún?"

"Ṣé ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń wa mọ́tò ni, àbí ọwọ́ àti ẹsẹ̀?"

Háà! Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe fáàrí o. Láti ìgbà tí Alhaji, ọkọ wọn, ti kú, Ìyá Kabir nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn. Kabir, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, wà ní Jẹ́dà. Ọ̀rẹ́ kan ló kù fún wọn, Alhaja Láwùmí, tí wọ́n jọ ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ nígbà èwe. Ẹ̀gbà ti dá Alhaja Láwùmí jókòó sílé ọmọ wọn ní Akobo, nínú lọ́hùn-ún níbi tí takisí kì í wọ̀. Etí títì ni wọ́n máa ń já èèyàn sí, orúnkún Ìyá Kabir kò sì lè rin ìyókù. Ẹnu àlejò ni wọ́n ti ń gbọ́ iṣẹ́ ọ̀rẹ́ wọn: "Ẹ sọ fún un pé mo ṣì wà láàyè o." Bẹ́ẹ̀ sì ni Peugeot Alhaji wà nínú ọgbà, tí eruku ń bò ó. "Àdáwà yìí fẹ́ pa mí," Ìyá Kabir wí fún mi lọ́jọ́ kan, omijé sì bọ́ lójú wọn.

Bí wọ́n ṣe lọ bá Adéróunmú nìyẹn, tó ń kọ́ èèyàn lọ́kọ̀ ní Challenge. Ọmọlúàbí pọ́ńbélé ni, ìwà yẹn ló sì fẹ́ kó bá wọn. Kò lè pàṣẹ fún ẹni tó tó ìyá rẹ̀. Kó tó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú mà, ẹ bá wa tẹ búrẹ́kì mà," wọ́n á ti wà nínú kòtò! Ìyá Kabir fúnra wọn ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máa jágbe mọ́ àwọn.

Adéróunmú ní tí wọ́n bá wà á láti Challenge dé Dùgbẹ̀ láìjẹ́ pé òun lanu, wọ́n lè máa dá a wà nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo jókòó sẹ́yìn, mò ń fa tẹ̀sùbáà. Wọ́n wà á dáadáa títí a fi dé Òkè-Àdó. Ibẹ̀ la ti rí Bàbá Sàláwù, ẹ̀gbọ́n Alhaji, tí wọ́n jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wọn. Ni Ìyá Kabir bá tẹ búrẹ́kì láàárín títì gbangba, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà: "Ẹ káàsán, bàbá wa!" Háńbúrẹ́kì ńkọ́? Wọn ò fà á! Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn, hóònù ń ké, èmi náà ń ké.

Adéróunmú fa háńbúrẹ́kì. "Ẹ fẹ́ kí àgbà, ẹ wá fẹ́ fi wá ṣe sàráà!"

Bàbá Sàláwù rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé báyìí, kí ló fẹ́ fi sítíárì ṣe?"

Inú bí mi! Ohun tí wọ́n ti fi kọ́ orúnkún èèyàn láti kékeré, báwo ló ṣe fẹ́ gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ kan? Ká kọ́ tuntun kò le tó ká fi ti àtijọ́ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni a tún gbọ́ pé ohùn Alhaja Láwùmí ti ń lọ. Ìyá Kabir ní ká tún gbéra fún ìdánwò. Bàbá Sàláwù sì tún wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Kabir dín eré kù. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá wa," wọ́n sì kọjá. Nígbà tí a dé Dùgbẹ̀, Adéróunmú pàtẹ́wọ́. Ìyá Kabir kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ wò ó, Bàbá Sàláwù nìkan ló máa ń kan géètì ilé yẹn, lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, láti béèrè àlàáfíà. Wọn ò wá mọ́. Ìyá Kabir gbé obì lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èsì Bàbá ni pé: "Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò kí mi, kó lọ fi mọ́tò ṣe ẹbí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ìyá Kabir kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Jímọ̀ mìíràn dé, Ìyá Kabir fi mọ́tò gbé mi lọ sí Akobo. Àwọn ará ilé gbé Alhaja Láwùmí jáde sórí àga.

"Ta ló gbé ọ wá?" Agbára káká ni ohùn wọn fi jáde.

"Èmi ni."

Alhaja Láwùmí wo mọ́tò, wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn, ẹ̀rín àti ẹkún gbà wọ́n pọ̀. Wọ́n ní, "Kọ́ mi."

"Ìwọ Láwùmí yìí! Ẹsẹ̀ wo lo fẹ́ fi tẹ búrẹ́kì?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Kọ́ mi."

Èmi àti ọmọ wọn la gbé wọn sí ìjókòó dírẹ́bà. Ìyá Kabir wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n gbé ọwọ́ òsì ọ̀rẹ́ wọn, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn, lé sítíárì. Wọn ò ṣáná sí mọ́tò o. Ọ̀kan ń ṣàlàyé, èkejì ń béèrè, títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Mo ní ká máa lọ. Alhaja Láwùmí kò fi sítíárì sílẹ̀.

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n," wọ́n ní. "Má tíì lọ."