Àmùrè Pupa Bàbá Mi

Láyé ìjọba ológun, fíìmù aláwọ̀ wọ́n bí ojú, nítorí náà fọ́tò dúdú-àti-funfun ni mo ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òrè.

Ìjọ Aládùúrà tó wà ní Araromi-Obu ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró yan bàbá mi. Wọ́n di àmùrè pupa mọ́ sùtánà funfun, èyí tó fi ipò tuntun wọn hàn, wọ́n ní kí n wá ya àwọn.

Mo ní gíláàsì méjì tí mo máa ń fi bo ojú lẹ́ńsì, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan pupa. Pupa ni mo mú, torí ó máa ń sọ ojú ọ̀run di dúdú, kí aṣọ funfun lè yọ dáadáa. Mo gbàgbé pé ó máa ń sọ ohun pupa di funfun. Nígbà tí mo fọ fọ́tò náà tán, àmùrè ti wọnú sùtánà lọ.

Bàbá mi wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ó dáa.” Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Fọ́tò yẹn la gbé sórí pósí wọn. Àgbà ìjọ kan bi mí pé àmùrè wọn dà.

Mo ní, “Ẹ wo bí ojú ọ̀run ṣe dára tó, sà.”