Ẹni Tó Ránni Lọ Ìwàràjà

Ní yàrá òkè ilé ìtajà kan ní Alékúwodò, l'Óṣogbo, níbi tí ẹgbẹ́ eléré kan ti ń pàdé, mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan wí fún èkejì rẹ̀ pé, "Ìwọ náà ti lọ Ìwàràjà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀dẹ̀ tí kò mọ̀ pé eré ti parí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé ọmọbìnrin kan n'Íléṣà tí kò mọ eré yàtọ̀ sí òótọ́ ló dá a sílẹ̀.

Àbúrò mi ni ọmọbìnrin náà. Irọ́ ni ìyókù.

Lásìkò tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, tí ilé sú wa, a sọ ọgbà ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó pamọ́ sí tẹ́lẹ̀, tó ti di ahoro n'Íléṣà, di ìlú. Kì í ṣe tíátà; kò sí òǹwòran, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bá ti wọ géètì ti di ẹlòmíràn títí di ìrọ̀lẹ́: ọba, ìjòyè, oníbodè, ìránṣẹ́. A ń fi ọjọ́ orí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àgbà a sì máa dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọkùnrin tó máa ń jẹ ọba wa ló ṣe òfin tó le jù: ìránṣẹ́ kò gbọdọ̀ padà àfi bí ọba bá ránṣẹ́ pè é. Ẹnì kan dá ara rẹ̀ padà rí, wọ́n sì lé e kúrò láàárín wa.

Ìdí máńgòrò inú ọgbà ni ọba máa ń rán àwọn ìránṣẹ́ lọ, tí a ó pè ní ìlú òkèèrè. Lọ́jọ́ tí mo bá bàbá wa lọ sóko ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọba ní máńgòrò ti sú òun, kí àbúrò mi lọ ṣọ́ ọ̀nà Àkúrẹ́ ní oríta Ìwàràjà, lẹ́yìn ìlú.

Àbúrò mi bi í pé, "Kábíyèsí, Ìwàràjà gan-an?"

Ọba ní, "Ṣé ọba máa ń ṣeré ni?"

Àbúrò mi wọkọ̀ lọ. Òjò dé, eré tú, ọba lọ jẹun nílé ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo dé tí mi ò bá àbúrò mi nílé, ìdí àwo ẹ̀wà ni mo ti ká ọba mọ́. Ó ní òun gbàgbé pé òun rán an lọ Ìwàràjà. Èmi ni mo lọ bá àbúrò mi lábẹ́ àtíbàbà ìyá alákàrà kan, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ohun tó kọ́kọ́ bi mi ni pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ó ti ní kí n máa bọ̀?"

Ní Sátidé kejì, kí ẹnikẹ́ni tó lè bi ọba léèrè, ó ti kí àbúrò mi pé, "Ará Ìwàràjà, ẹ kú àbọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi yí padà ní géètì, kò sì wá mọ́. Ọba kó ọ̀rọ̀ náà wá sí Òṣogbo, ó sì fi kọ́ ẹgbẹ́ eléré tuntun tó dá sílẹ̀ níbẹ̀.

Òun náà ló wọlé bá wa ní yàrá òkè yẹn. Mo ní kó sọ ẹni tó rán àbúrò mi lọ Ìwàràjà fún wọn.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, eré ni. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ wa."

"Mi ò ní kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́. Ta ló rán an?"

Ó yíjú sí fèrèsé. Mo sọ gbogbo ìtàn náà lójú rẹ̀, bí mo ti kọ ọ́ síbí gẹ́lẹ́. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ dá ẹ̀gbọ́n lóhùn."