Ọ̀tún Ta Ni?

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni bàbá mi ti wọ aṣọ tán, tí wọ́n jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń dúró kí n gbé wọn lọ sí Pọ́bẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún wọn láti ìgbà ìkórè àgbàdo. Dókítà tó ń wo irú rẹ̀ kì í wá síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, tó bá sì di ọ̀sán, ó ti lọ. Rándéfú, ọjọ́ tó dá fún wa, ti oṣù tó kọjá ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ti kìlọ̀ fún wa pé bí ọwọ́ náà bá pẹ́ jù láìnà, á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Èmi sì rèé, mekaníìkì, tí mọ́tò ara mi tú sílẹ̀ níwájú garáàjì. Túbò rẹ̀ ló kú, ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Òmíràn tí mo rí rà ní Kútọnu, àlòkù ni, ara mọ́tò mìíràn ni wọ́n ti tú u. Ó dà bí ìkarahun ìgbín méjì tó kẹ̀yìn síra wọn. Gbogbo rẹ̀ ló bá ẹ́ńjìnnì mi mu, àfi ìkarahun tí atẹ́gùn ń gbà jáde: ẹnu rẹ̀ kò kọjú sí ọ̀pá tó yẹ kó wọ̀. Mo ní láti tú bóòtù rẹ̀, kí n yí ìkarahun náà díẹ̀díẹ̀, kí n má jẹ́ kó kan abẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń yí nínú rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá tẹ̀, túbò náà ti bàjẹ́ nìyẹn, mi ò sì mọ ibi tí n ó ti rí òmíràn ní Kétu.

Mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lórí fóònù. Wọ́n ní kí n yí i sí ọ̀tún, ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Mo gbé e lé itan, mo yí i sí ọ̀tún. Nígbà tí mo gbé e sára ẹ́ńjìnnì, ẹnu rẹ̀ tún jìnnà sí ọ̀pá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo tú u, mo tún yí i sí ọ̀tún. Ó burú sí i. Òógùn ń kán sí mi lójú, mo sì ń wo oòrùn ju bí mo ṣe ń wo iṣẹ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé ọ̀gá mi ti darúgbó, pé ọ̀tún wọn yìí ló máa bà á jẹ́ fún mi.

“Ọ̀tún ta ni?” Bàbá béèrè láti orí àga.

Inú bí mi. Mo dá wọn lóhùn pé ọ̀tún ni ọ̀tún ń jẹ́. Wọ́n ò bínú.

“Nọ́ọ̀sì tó ń bá mi na ọwọ́ máa ń kọjú sí mi,” wọ́n ní. “Ọwọ́ tó bá wà níbi ọ̀tún mi, òsì tirẹ̀ ni.”

Mo wo ohun tó wà lórí itan mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Ọ̀gá mi ń rò ó bí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀tún tiwọn, òsì tèmi ni. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò ní rí i lórí ìdúró. Èmi ọmọdé ẹni ogójì ọdún, ojú tì mí. Mo bẹ Bàbá, mo dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo yí i sí òsì ní ìka mẹ́ta. Ọ̀pá wọlé wẹ́rẹ́. Mo ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, mo dẹ etí bóyá abẹ́ ń ha irin. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi atẹ́gùn tó ń fẹ́.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ títí a fi dé Pọ́bẹ̀. Dókítà ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò. Ó tún jókòó, ó ní kí Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Bàbá wojú mi. Wọ́n fi òsì mú ọ̀tún, wọ́n gbé e sókè bí ẹni gbé ẹrù. Dókítà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nílé, lójú ẹsẹ̀ ló máa ń já bọ́.

Wọ́n fi í sílẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lókè, ó ń gbọ̀n, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kó tó wálẹ̀ sórí itan wọn.