Ìpín Dúródèmí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Ọ̀jẹ̀túndé, ọdẹ Ìlóbì, ẹ ní kó se ẹran kó tó fún ajá rẹ̀ jẹ. Edith, ọmọ rẹ̀, kì í yé dán an wò.

"Bàbá, ẹran tútù ń kó aràn sí ajá nínú. Àwọn ọmọ wa sì ń bá a ṣeré."

"Ṣíọ̀! Wo eyín rẹ̀, wo bí irun ara rẹ̀ ṣe ń dán! Ṣé ẹ̀kọ àná ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀?"

Nílé tiwọn, ajá tó bá mú ẹran, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fún un ní ẹ̀dọ̀ àti ìfun, kí iná tó kàn án. Ẹni tó sì ni oko tí wọ́n ti pa á ló ni itan kan.

Lọ́jọ́ náà, nínú oko ẹ̀gẹ́ Micah aládùúgbò wọn, Dúródèmí, ajá Ọ̀jẹ̀túndé, mú ọ̀yà kan tí kò tilẹ̀ sáré. Inú Ọ̀jẹ̀túndé dùn, ó fún ajá rẹ̀ ní ìpín rẹ̀, ó já itan fún ìyàwó Micah, ó gbalé lọ. Lábísí ìyàwó tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹran kaná ni ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹnu rẹ̀ ń hó. Kò pẹ́, ó kú.

"Da ẹran yẹn sí ṣalángá!" ni Ọ̀jẹ̀túndé pariwo. Ó gbé òkú ajá lé èjìká, ó di ilé Micah.

"Micah! Kí lo fi sóko?"

"Májèlé ni. Ọ̀yà ti jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán. Ẹ̀gbọ́n, Edith ṣáà wí, wí, wí. Bí ẹ bá ti sè é ni, kì bá tí kú. Ajá tó máa sọnù, kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Fèrè wo? Ta ló fọn ọ́n fún wa? O fi ikú sóko, o ò wí fún ẹnì kan! Ṣé orí rẹ pé? Iná ha ń pa májèlé bí?"

"Ẹ má pariwo lé mi lórí nítorí ajá lásán."

Lásán! Ọ̀jẹ̀túndé ti gbọ́wọ́ sókè láti fọ́ ọ létí kí òórùn ọbẹ̀ tó ta sí i nímú láti ẹ̀yìnkùlé. Háà! Ìbínú ti jẹ́ kó gbàgbé.

"Micah, itan ọ̀yà yẹn ló ń hó lórí iná ìyàwó rẹ!"

Àwọn méjèèjì sáré. Àwọn ọmọ Micah ti gbé abọ́ yí iná ká. Ọ̀jẹ̀túndé fẹsẹ̀ da ìkòkò nù.

"Ta ló ti tọ́ ọ wò?"

"Kò tíì jinná," ni ìyàwó Micah wí, ẹ̀rù sì bà á.

Micah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé tẹ́ Dúródèmí síwájú rẹ̀.

"Ó yá, dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá lásán."