Síkúrù Tí Mo Yí

Mo rántí òtútù yàrá ìwádìí yẹn ní Ayétòrò, àti kọ́tìnnì dúdú tó bo fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Olùkọ́ kan tó ti òkè òkun dé ló kọ́ ọ sẹ́yìn ilé bàbá wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbálẹ̀, kí n sì máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìmẹ̀kọ ló ń ṣèwádìí níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ìwé mi ò jìnnà.

Òun ló ṣàlàyé ẹ̀rọ orí tábìlì fún mi: wọ́n gé ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ títí ó fi ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ń rán ẹyọ méjì jáde, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n pàdé lára gíláàsì àárín. Bí méjèèjì bá jọra délẹ̀délẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà jáde; bí wọ́n bá yàtọ̀, wọ́n lè pínyà. "Ìbejì ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n." Ibi tí ó yé mi dé nìyẹn.

Àwọn àbúrò mi jẹ́ ìbejì, ọwọ́ mi ni wọ́n dàgbà sí. Bí mo bá bu ṣíbí ẹ̀kọ kan kún ti Táíwò, mo gbọ́dọ̀ bù kún ti Kẹ́hìndé. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń nu tábìlì, mo rí i pé síkúrù apá ọ̀tún ẹ̀rọ náà yọ síta ju ti òsì lọ. Àánú ṣe mí. Mo yí i wọlé títí wọ́n fi dọ́gba. Inú mi tún dùn!

Olùkọ́ dé, wọ́n ní kí ọmọ náà wọn iṣẹ́ rẹ̀ lójú àwọn. Kò sí ẹyọ kan tó pínyà.

"Níbo ni ìyàtọ̀ tí o fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọ sínú ìwé wà?" Olùkọ́ yíjú sí mi. "Àbí o fọwọ́ kàn án?"

"Èmi kẹ̀, sà? Rárá o."

Wọ́n ní irọ́ ni ọmọ náà jókòó kọ. Ó di ẹrù, ó gun ọ̀kadà lọ sílé wọn.

Ẹyin lohùn lóòótọ́. Kó tó di ọ̀sán, mo jẹ́wọ́. Olùkọ́ fìdí kalẹ̀ sórí kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n lanu sílẹ̀. "O bá wa mú wọn dọ́gba? Òun ló mọ̀ọ́mọ̀ ń fi síkúrù yẹn yà wọ́n díẹ̀díẹ̀! Ìyàtọ̀ yẹn gan-an là ń wọ̀n!"

Àwa méjèèjì la jọ lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ìmẹ̀kọ. Ó ń bẹ gbágùúdá lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ẹ gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pè mí lópùrọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì dúró, ẹ ń wò mí."

Ó padà, ó tún iṣẹ́ náà ṣe, àwọn ìbejì pínyà bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Títí dòní, bó bá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ káàárọ̀, sà" ni. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Mi ò sì lẹ́nu láti béèrè.