Ìkómọ Lẹ́nu Géètì Àtìmọ́lé

Mo rántí bí wíìgì tuntun ṣe máa ń gbóná lórí mi lọ́dún tí mo di agbẹjọ́rò. Ṣé ẹ mọ ọmọdé tí wọ́n ra bàtà Iléyá fún? Díẹ̀ ló kù kí n máa dé wíìgì náà wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìkẹjà dé Agége. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fà lé mi lọ́wọ́ ni ti obìnrin kan tó sá ogun kúrò ní Kamẹrúùnù, tó ń di bisikíìtì sínú páálí nílé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, tó sì gba yàrá kan ní Ifákò. Ó ti kọ̀wé béèrè ibi ìsádi lọ́wọ́ ìjọba, èsì ni kò tíì dé. Bó ṣe ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ọsibítù, àwọn òṣìṣẹ́ kan tó ń yẹ ìwé ìwọ̀lú wò dá a dúró. Kò níwèé, ni wọ́n bá ti tìyá-tọmọ mọ́lé. Wọ́n ní kò nílé kan pàtó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò sá lọ.

Inú bí mi gan-an, àmọ́ kí Ọlọ́run forí jì mí, inú mi tún dùn díẹ̀, torí mo ti ka irú ọ̀rọ̀ yẹn ní yunifásítì. Òfin àgbáyé ní a ò gbọdọ̀ ti ẹni tó sá àsálà fún ẹ̀mí ẹ̀ mọ́lé kìkì torí pé kò níwèé. Ìdí tó kan òun fúnra ẹ̀ gbọdọ̀ wà, adájọ́ sì gbọdọ̀ yẹ ìdí náà wò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹní ń kọ ìwàásù.

Kí kóòtù tó jókòó, ọmọ ti pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá Onílé, arúgbó Ògbómọ̀ṣọ́ tí obìnrin náà ń gbé ilé wọn, kó àwọn ayálégbé lẹ́yìn, ó di ẹnu géètì àtìmọ́lé, pẹ̀lú oyin, iyọ̀ àti abọ́ omi. Mo sáré bá wọn níbẹ̀, ojú ń tì mí.

"Màmá, ọ̀rọ̀ òfin lèyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Lọ́yà kékeré, lá oyin, kẹ́nu ẹ lè dùn ní kóòtù."

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo lẹ fẹ́ wò níbí?"

"Ilé tèmi ni! Ibẹ̀ ni ìyá ẹ̀ ti gbé oyún ẹ̀ kiri. Ẹ̀yin náà, ẹ ò lọ́mọ ni?"

Ọ̀gá náà kọjú sáwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú ìyá àti ọmọ jáde sábẹ́ igi inú ọgbà. Àfáà àdúgbò ṣàdúrà, ìyá ọmọ tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ń ṣe àmín tó le ju tiwa lọ, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. A kì í sì dé ibi ìkómọ ká máa wòran: ẹni tó bá sọ owó sínú abọ́ omi ló lè fún ọmọ lórúkọ. Áà! Kí n tó mọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ti ara wọn síwájú. Ọ̀gá wọn fúnra ẹ̀ sọ owó sí i, ó pariwo pé, "Ayọ̀mídé!"

Ní kóòtù, mo to òfin àgbáyé kalẹ̀ títí adájọ́ fi yán. Bí mo bá pàdánù, inú àtìmọ́lé lọmọ yẹn yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Mo pa ìwé dé, mo kọjú sí ọ̀gá òṣìṣẹ́ tó wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí.

"Ọ̀gá, ẹ ní kò sẹ́ni tó mọ obìnrin yìí. Orúkọ wo lẹ sọ ọmọ ẹ̀?"

Ó wolẹ̀, ó wòkè. "Ayọ̀mídé ni."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ ní kí gbogbo ẹni tó wà níbi ìkómọ dìde. Ìjókòó ẹ̀yìn dìde pátá, àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà nawọ́ sókè.

"Ẹ ní kò lẹ́nìkan," adájọ́ wí. "Ẹ wẹ̀yìn. Kó máa lọ sílé ẹ̀, kó máa wá nígbà tá a bá pè é."

Mo ti ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà. Òfin ò sọ pé èèyàn gbọdọ̀ lẹ́nìkan kó tó lẹ́tọ̀ọ́. Ẹni tí kò lẹ́nìkan gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́. Síbẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn tó ṣófo máa ń bà mí lẹ́rù. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́kọ́ ya Ifákò kí n tó lọ sí kóòtù.

"Màmá, ẹnì kan tún wà látìmọ́lé o. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìyá Onílé á dáhùn. "Jẹ́ kí n mú gèlè mi."